Aládùúgbò Tó Ń Kó Ohun Ìjà Jọ: Ìbéèrè Yín Lórí Japan àti Ṣáínà

Lóṣù tó kọjá, mo kọ gbólóhùn kan péré sí ojú ewé yìí pé Japan ti pinnu láti ná trílíọ̀nù 43 owó yen sórí ètò ààbò láàárín ọdún 2023 sí 2027. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló fa lẹ́tà wá rẹpẹtẹ. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti bú mi, mo ka tiyín náà, ẹ kú làálàá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Japan fi òfin de ara rẹ̀ pé òun ò jagun mọ́ láé. Kí ló wá dé tí wọ́n ń ra ohun ìjà bí ẹni tí ogun ń bọ̀ wá bá lọ́la? Àbí wọ́n ti gbàgbé òfin yẹn ni? *Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn*

ÌDÁHÙN: Wọn ò gbàgbé, ọmọ mi. Òfin náà ṣì wà níbẹ̀. Abala 9 nínú ìwé òfin wọn ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, wọn ò sì tíì yọ lẹ́tà kan kúrò nínú rẹ̀ títí dòní. Ìjọba tó ń gorí àlééfà ló kàn ń fẹ ohun tí òfin náà gbà láyè, díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1954 wọ́n dá ẹgbẹ́ ológun sílẹ̀, wọ́n ní torí àtidáàbò bo ara àwọn nìkan ni. Lọ́dún 1976 wọ́n ní owó ológun kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè wọn ń pèsè lọ́dún. Wọ́n yọ ìkálọ́wọ́kò yẹn kúrò lọ́dún 1987, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, àyíká ibẹ̀ náà ni ìnáwó wọn ń rà bàbà sí.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ yí bírí. Ìjọba Fumio Kishida gbé ìwé mẹ́ta jáde lọ́jọ́ kan náà. Ìnáwó máa di ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún tó bá fi máa di ọdún 2027. Wọ́n á ra mísáìlì tó lè dé ilẹ̀ ẹni tó bá kọ lù wọ́n, ohun tí Japan ti ń sá fún láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ Ṣáínà sábẹ́ ahọ́n sọ: wọ́n ní òun ni ìpèníjà tó tóbi jù lọ, tí irú rẹ̀ ò sì tíì ṣẹlẹ̀ rí. Ìjọba Sanae Takaichi tó gorí àlééfà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ò tiẹ̀ wá fẹ́ dúró de ọdún 2027. Wọ́n ní kí ìdá 2 náà pé kí ọdún ìnáwó 2025 tó parí.

Kí o tó lè mọ ìdí, mú àwòrán ilẹ̀ tó ní Éṣíà nínú, kí o yí i po títí etíkun Ṣáínà á fi wà nísàlẹ̀, tí Òkun Pàsífíìkì á sì wà lókè. Máa wò ó bí ẹni tó dúró ní Shanghai tó ń wo iwájú. Kí lo rí? Láti Kyushu wá sí Okinawa, sí Miyako, sí Ishigaki, sí Yonaguni, títí kan Taiwan tí Ṣáínà ní tòun ni, erékùṣù lórí erékùṣù ló tò lọ bí ọgbà tí ẹlòmíì ṣe síwájú ilé ẹni. Ọkọ̀ ogun Ṣáínà tó bá fẹ́ bọ́ sójú agbami gbọ́dọ̀ gba àárín igi ọgbà yẹn kọjá. Ọ̀kan nínú àlàfo tó fẹ̀ jù ni ti àárín Okinawa àti Miyako, nǹkan bíi 250 kìlómítà. Àárín rẹ̀ jẹ́ omi tí gbogbo ayé láṣẹ láti gbà, torí náà kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè máa kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá, Japan sì ń kà wọ́n.

Iye tí wọ́n ń kà sì ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ òkun ńlá tí bàálù ogun ń gbéra lórí rẹ̀, Ṣáínà ò ní ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́ kí ọdún 2012 tó wọlé. Ọdún yẹn ni Liaoning bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Shandong tẹ̀ lé e lọ́dún 2019, Fujian dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 2023 pé ọkọ̀ ogun ojú omi Ṣáínà ti lé ní 370, kò sì sí orílẹ̀-èdè tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ èmi olùkọ́ ìtàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bí ojú Japan ṣe kúrò ní àríwá bọ́ sí gúúsù. Láyé ìgbà tí Soviet ṣì wà, Hokkaido tó wà lókè pátápátá ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Lọ́dún 1984, ìgbà 944 ni bàálù ogun wọn sáré gbéra láti lọ pàdé bàálù àjèjì, ti Soviet ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ètò ọdún 1976 sọ pé kí wọ́n ní nǹkan bí 1,200 ọkọ̀ ìjà tánkì, torí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n rò pé àwọn á ti jà. Wá wo ọdún 2016: ìgbà 1,168 ni bàálù wọn gbéra, 851 nínú rẹ̀ sì jẹ́ torí bàálù Ṣáínà. Nígbà yẹn, ètò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013 ti ní kí tánkì wálẹ̀ sí nǹkan bí 300. Ta ló ń fi tánkì lé ọkọ̀ òkun? Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti kó pa mọ́ kì í tètè rìn. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé mẹ́ta yẹn jáde, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ọta àti àdó olóró wọn ṣì wà ní Hokkaido, níbi tí wọ́n kó o sí de ọ̀tá àná, tó jìnnà réré sí erékùṣù tí wọ́n ń ṣọ́ báyìí.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn òyìnbó. Ta ló lọ pa èèyàn ní Nanjing lọ́dún 1937? Ṣé Ṣáínà ló gbógun lọ bá Japan ni? Ṣáínà ní òun ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ra ìbọn sínú ilé mi, kí ló kan aládùúgbò? *Ẹni tí inú ń bí*

ÌDÁHÙN: Inú yín tọ́ kó bí yín lórí Nanjing. Àwọn ọmọ ogun Japan gba ìlà oòrùn àríwá Ṣáínà lọ́dún 1931, wọ́n tún dé pẹ̀lú ogun àjàkú akátá lọ́dún 1937, ohun tí wọ́n ṣe kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ara Ṣáínà kì í fi balẹ̀ bí Japan bá dárúkọ mísáìlì, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Kó sì dé ọdún 1996 pẹ̀lú. Ṣáínà ń yin mísáìlì sínú omi nítòsí Taiwan nígbà tí ìbò ààrẹ ń bọ̀ níbẹ̀, Amẹ́ríkà sì rán ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun méjì wá, Independence àti Nimitz ló ṣíwájú wọn. Ṣáínà ò ní ohun tó lè fi lé wọn. Ó gbé ẹ̀gàn náà mì. Lọ́dún 1998, ilé iṣẹ́ kan láti Ṣáínà ra àgbékù ọkọ̀ kan tí Ukraine ò rí owó parí, ó dé èbúté Dalian lọ́dún 2002, òun náà ló di Liaoning lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Torí náà, kì í ṣe pé wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dẹ́rù ba Japan. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wá ṣe wọ́n báyẹn lẹ́nu ọ̀nà wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lórí ìbọn inú ilé. Àwọn tó ń ṣètò ààbò kì í fi ohun tí ẹnì kan sọ pé òun ní lọ́kàn ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ohun tó lè ṣe ni wọ́n ń wò, àti bó ṣe máa yá tó kó tó lè ṣe é. Ọkàn alákòóso lè yí padà lóru ọjọ́ kan. Alákòóso fúnra rẹ̀ lè kú, kí ẹlòmíì jẹ. Ọkọ̀ ogun, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kàn án. Bí ọkàn bá wá yí padà nígbà tí ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kan tirẹ̀ ti pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí Ṣáínà gbé jáde lọ́dún 2019, níbi tó ti ní ìdáàbòbò nìkan ni ológun òun wà fún, kò fi mú oorun kun ẹnikẹ́ni ní Tokyo. Ohun kan náà ni Japan ń sọ nípa tirẹ̀ láti ọdún 1954, ṣé ó mú oorun kun Beijing?

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Mísáìlì Tomahawk tí Japan fọwọ́ sí ìwé láti rà ní oṣù Kìíní ọdún 2024, tó lè tó 400, máa ń lọ tó 1,600 kìlómítà. Japan ń pè é ní ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ lu òun. Ẹni tó bá fi wáyà wọn 1,600 kìlómítà láti Kyushu rí i pé ó wọ inú Ṣáínà dáadáa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Takaichi sọ nílé aṣòfin pé bí Ṣáínà bá fi ọkọ̀ ogun kọ lu Taiwan, ó lè di ohun tó kan wíwà Japan fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ṣáínà fi gba àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n yé rìnrìn àjò lọ sí Japan. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fa èyí o.

Bí ẹ bá bi mí léèrè, mo gbà pé Japan ò jayò pa. Mi ò sì gbà pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ ibi tí èyí máa dúró sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ ogun mélòó ni Japan máa ní kó tó bá Ṣáínà dọ́gba?

ÌDÁHÙN: Kò lè bá a dọ́gba, kò sì gbìyànjú ẹ̀. Owó tí Ṣáínà yà sọ́tọ̀ fún ológun lọ́dún 2025, trílíọ̀nù 1.78 owó yuan, fi ìdá 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ti ọdún tó ṣáájú náà sì fi ìdá 7.2 ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀mí Japan á bọ́ bó bá ní kóun sá eré yẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé mísáìlì sórí erékùṣù inú ọgbà yẹn, lára ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rìn, kí ọkọ̀ òkun tó jẹ́ olówó gọbọi máa fura kó tó kọjá. Bárékè dé Amami àti Miyako lọ́dún 2019, ó dé Ishigaki lọ́dún 2023. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré kò nílò láti gba òkun náà, ó ti tó bí ẹnìkejì náà ò bá rí i gbà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kà á pé ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ Ṣáínà kì í kúrò létí erékùṣù kan tí Japan ní tòun ni. Kí ló dé tí ọkọ̀ ogun Japan ò lé wọn dànù kí gbogbo ayé sinmi?

ÌDÁHÙN: Senkaku lẹ ń sọ, tí Ṣáínà ń pè ní Diaoyu. Èèyàn kankan ò gbé ibẹ̀. Ìjọba Japan ra mẹ́ta nínú wọn lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, Ṣáínà sì fárí gá. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun rẹ̀ ti sọ ibẹ̀ di ibùdó: lọ́dún 2024, ọjọ́ 355 ni wọ́n rí wọn nínú omi tó yí ibẹ̀ ká. Lọ́dún 2021 Ṣáínà tún ṣe òfin tó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn láṣẹ láti yìnbọn.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ etíkun ni wọ́n rán wá, wọn ò rán ọmọ ogun. Bí Japan bá kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ogun dá wọn lóhùn, òun ló máa dà bí ẹni tó dá ìjà sílẹ̀, ọkọ̀ ogun Ṣáínà á sì rí àwáwí wá. Bí kò bá wá rárá, yóò dà bíi pé ó ti yọ̀ǹda ibẹ̀. Torí náà, ẹ̀ṣọ́ ló ń fi pàdé ẹ̀ṣọ́, lójoojúmọ́, nínú ìjì àti nínú oòrùn. Mo rò pé iṣẹ́ tó ń tánni lókun jù nínú gbogbo ètò ààbò wọn nìyẹn, àwọn ìwé ìròyìn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ àfi bí ọkọ̀ bá fẹ́ kọ lu ara wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ṣebí Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ó máa ṣọ́ wọn.

ÌDÁHÙN: Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí 54,000 ọmọ ogun. Àdéhùn ọdún 1960 ló so wọ́n pọ̀, Barack Obama sì sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù Kẹrin ọdún 2014 pé ó kan Senkaku. Donald Trump náà ti sọ ọ́ ní gbangba, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé àdéhùn náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ gbèjà Japan, kò sì pọn dandan kí Japan gbèjà Amẹ́ríkà. Ìbò ọdún mẹ́rin mẹ́rin ti ìlú ẹlòmíì, ta ló máa fi ṣe òpó ilé rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Gbogbo ohun tí ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ ni mísáìlì àti ọkọ̀. Àwọn tó ń gbé erékùṣù wọ̀nyẹn ńkọ́? Ta ló bi wọ́n léèrè? *Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin*

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun mà. Ẹ̀yin lẹ bi ìbéèrè tó yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Yonaguni, erékùṣù tó kẹ́yìn. Tokyo jìnnà sí i tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà, Taiwan ò sì ju 110 kìlómítà lọ. Nǹkan bí 1,700 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ẹṣin kéékèèké tí wọ́n bí síbẹ̀ máa ń rìn fàlàlà lójú títì. Títí di ọdún 2016, ọlọ́pàá méjì ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀, ìbọn ìléwọ́ méjì ló sì wà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n bi wọ́n léèrè, lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, wọ́n dìbò bóyá kí ológun wá tàbí kó má wá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíríámà kékeré pàápàá dìbò. 632 gbà, 445 kọ̀. Àwọn tó gbà ń wo ọ̀dọ́ tó ń kó lọ, wọ́n ń wo ilé ìwé tó ń ṣófo, wọ́n ní bí ọmọ ogun bá kó ìyàwó àtọmọ wá, ìlú á tún kún. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé nǹkan bí 160 ọmọ ogun máa wá fi ẹ̀rọ rédà ṣọ́ òkun. Bárékè ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2016.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan ń gorí ara wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, Ṣáínà yin mísáìlì nígbà tó ń bínú sí ìbẹ̀wò Nancy Pelosi, olórí ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà nígbà náà, sí Taiwan, márùn-ún nínú rẹ̀ já sínú omi tí Japan ní àṣẹ ọrọ̀ ajé lórí rẹ̀, ọ̀kan sì já síbi tí kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sí Yonaguni. Inú omi tí wọ́n ti ń pẹja nìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ọkọ̀ ìjà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ní àgbá lórí gba ojú títì wọn kọjá nígbà ìdánrawò, títì kan náà tí ẹṣin ń gbà. Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba ní òun máa gbé ẹgbẹ́ tó ń yin mísáìlì sójú òfuurufú wá. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí àwọn kan nínú àwọn 632 yẹn ń sọ: ẹ̀ṣọ́ la dìbò fún, ta ló ní kẹ́ ẹ gbé mísáìlì wá?

Ẹ má sì gbàgbé pé ara ìpínlẹ̀ Okinawa ni wọ́n. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún 1945, ogun jà lórí ilẹ̀ wọn, èèyàn tó lé ní 200,000 kú, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ará Okinawa sì bá a lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn pé ibi tí ọmọ ogun bá pọ̀ sí ni àdó máa ń kọ́kọ́ já sí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ìjọba tó gbé ètò jáde lórí bí wọ́n á ṣe kó èèyàn 120,000, onílé àtàlejò, kúrò ní àwọn erékùṣù ìhà ibẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà, nínú ọkọ̀ òkun àti bàálù, lọ sí Kyushu àti Yamaguchi. Ìpínlẹ̀ Saga ní Kyushu ni wọ́n ní kí ará Yonaguni lọ. Ẹ wo bí ọdún ṣe tò: bárékè dé lọ́dún 2016, ètò bí arúgbó àti aláboyún ṣe máa jáde dé lọ́dún 2025. Ibi tí mo ti dá Japan lẹ́bi nìyẹn, tí mi ò sì ní rí àwáwí kankan bá wọn wá. Ẹni tó mọ iye ìṣẹ́jú tí mísáìlì máa ń lò kó tó balẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́sàn-án kó tó ronú kan bí ìyá àgbà ṣe máa dé èbúté.

ÌBÉÈRÈ: Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, kí ló ṣì lè bà á jẹ́ fún wọn?

ÌDÁHÙN: Èèyàn ni wọn ò ní. Lọ́dún ìnáwó 2023, wọ́n fẹ́ gba 19,598 sí iṣẹ́ ológun, 9,959 ni wọ́n rí gbà. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti gbé ọjọ́ orí ẹni tó lè wọlé kúrò ní 26 sí 32, kò sì tó. Ọmọ tí wọ́n bí ní gbogbo Japan lọ́dún 2024 jẹ́ nǹkan bí 686,000, ìgbà àkọ́kọ́ tí kò ní tó 700,000. Àwọn ọmọ yẹn ló máa pé ọdún 18 lọ́dún 2042, nígbà tí púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí Ṣáínà ń kàn báyìí á ṣì wà lójú omi.